Àgbò Tí Ìyá Wa Gún Lódó

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mi ilẹ̀ Ìkirun tìtì, ìyá kan wà tí ọ̀rọ̀ ẹran sú. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ yé fa ara yín láṣọ. Fílómínà ni orúkọ rẹ̀, òun ló bí baba baba mi. Ìlú Íńdíà ni Ọ̀jẹ́làbí, ọkọ rẹ̀, ti mú un wá, nígbà tí àwọn òyìnbó rán an lọ kọ́ṣẹ́ rélùwéè.

Ẹ̀jẹ̀ òyìnbó wà lára Fílómínà, ẹ̀jẹ̀ Íńdíà sì wà níbẹ̀. Àwọn òyìnbó ní kò funfun tó ẹni tí ń bá àwọn jókòó jẹun. Àwọn ará Íńdíà ní ó ti funfun jù. Ipò ni wọ́n fi ń pín ilé, ipò ni wọ́n fi ń pín àga. Ilé ìdáná ìyá rẹ̀ nìkan ni ipò kò wọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá náà á fi omi àgbọn àti ata ilẹ̀ pupa se ìrẹsì títí yóò fi pọ́n bí ìyeyè, á gún ẹran, á yí i roboto sínú ọbẹ̀ kọ́rì, gbogbo rẹ̀ á dọ́gba.

Ó dé Ìkirun, ó rò pé òun ti bọ́. Bọ́ lọ síbo? Ẹran tí wọ́n bá ti pa nílé Láògún, baba ọkọ rẹ̀, ìjà ni. Oyèdòkun ni àgbà nínú àwọn ọmọkùnrin, ṣùgbọ́n ìyàwó kékeré ló bí i. Ọ̀jẹ́làbí ni àbúrò, ṣùgbọ́n ìyálé ló bí i. Ta ni yóò mú igẹ̀ àgbò, ìpín àgbà? Lọ́dọọdún, igẹ̀, lọ́dọọdún, ariwo. Àwọn àgbà ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́, àwọn yìí yọ àdá síra wọn. Láògún fi ẹsẹ̀ fa ilà sílẹ̀, ó búra pé bí wọ́n bá tún jà lórí ẹran, òun yóò mọ ògiri la àárín agbo ilé.

Ìyá Oyèdòkun ló ń kọ́ Fílómínà ní èdè, òun ló gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀. Òdìkejì ògiri náà ni yóò kù sí. Ẹ̀rù ba Fílómínà, inú sì bí i ju ẹ̀rù lọ.

Ọdún dé, wọ́n pa àgbò. Ó ní òun ni yóò sè é. Ó yọ igẹ̀ kúrò lára egungun, ó yọ itan, ó yọ ejìká, ó da gbogbo rẹ̀ sódó. Ó gún un pẹ̀lú ata, ó gún un pẹ̀lú àlùbọ́sà, ó gún un pẹ̀lú ìbínú.

Ìyá Oyèdòkun wọlé, ó káwọ́ lérí. "Ìyàwó mi, ọlá àwọn ọkọ rẹ lo ń gún lódó yìí o."

"Ẹ má bínú, mọ̀ọ́mi," ni Fílómínà wí, kò dáwọ́ dúró. "Ọlá yẹn ló fẹ́ gbà yín lọ́wọ́ mi."

Wọ́n gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ dé iwájú àwọn ọkùnrin. Oyèdòkun wá inú ọbẹ̀ títí. Roboto, roboto ni.

"Igẹ̀ dà?"

"Ó wà níbẹ̀, ọkọ mi," ni Fílómínà wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ wá a."

Ọ̀jẹ́làbí fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Oyèdòkun dìde, ó ní wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Fílómínà gbé abọ́ tirẹ̀ sí i. "Bí ó bá kéré, ẹ gba tèmi kún un. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí wọ́n mọ ògiri. Ìyá yín nìkan ni mo ní nílùú yìí."

Ojú ti Oyèdòkun. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó, ó jẹ tirẹ̀. Láògún ti jẹ tirẹ̀ tán. Ó ní kí wọ́n bu ìrẹsì sí i.

Láti ọjọ́ náà, a kì í gé ẹran ọdún nílé yìí. A ń gún un ni, ohun tó bá sì kan ọmọdé ló ń kan èmi tí mo hu irun funfun yìí. Ẹ̀yin wá ń kùn láti àárọ̀ pé odó ń dá yín lápá, kí a kúkú gé e bí ti àwọn ará ilé kejì. Ó dáa. Ibi tí ẹ jókòó sí yẹn gan-an ni Láògún fa ilà rẹ̀ sí. Ẹ dìde níbẹ̀, ẹ lọ gbé ọmọ odó.