Etí Tẹlifóònù Inú Mandolíìnì

Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ̀yin akọrin, ẹ súnmọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n Akínladé, ẹ̀yin gan-an ni mo ní kí wọ́n lọ pè wá láti Dadin Kowa, torí ọ̀rọ̀ yín ni. Ó ti pẹ́ tó ń jẹrà nínú mi, n kò sì fẹ́ kó bá mi wọ sàréè. Ẹ má rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀. Orí mi pé.

Ẹ rántí 1974, ọdún tí a ra dúrọ́ọ̀mù tuntun fún ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ náà ni mandolíìnì, gìtá kékeré mi yẹn, ti di ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Mo ta á títí ìka mi fi bó, ẹni tó jókòó tì mí kò gbọ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo yín. Bí Jonathan bá lu dúrọ́ọ̀mù kíkankíkan, mo ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìsìn, mo ní èmi ló ń rín.

Ẹnì kan ṣoṣo ni n kò fura sí: Lááwàlì, ẹni tó ń ṣọ́ géètì ọ́fíìsì awakùsà tí èmi àti Ẹ̀gbọ́n Akínladé ti ń ṣe akọ̀wé. Lọ́sàn-án mo máa ń ta mandolíìnì fún un níbi géètì. Á mi orí, á ní, "Oga, kiɗanka da daɗi, amma ba ya fita." Ó ní orin mi dùn, àmọ́ kì í jáde. Òótọ́ ló sọ. Ẹ wá wo ẹni tí mo ṣe ní ibi!

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ohùn irú rẹ̀ sókè wà l'Ékòó, apá mi kò ká a. Oníṣẹ́ rédíò kan ní ọjà Terminus ló kọ́ mi lọ́gbọ́n: kí n wá etí tẹlifóònù tó ti bàjẹ́, èyí tí èèyàn ń gbé sétí gbọ́ ọ̀rọ̀, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú mandolíìnì, kí n so wáyà rẹ̀ mọ́ ihò tí a ń ki wáyà giramafóònù bọ̀ lẹ́yìn rédíò àtijọ́, kí rédíò náà lè gbé ohùn rẹ̀ jáde. N kò wá èyí tó bàjẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bí Lááwàlì ti lọ kírun, mo yí ìdérí ibi tí a ń gbé sétí lára tẹlifóònù ọ́fíìsì wa, mo yọ etí inú rẹ̀, mo sì dé e padà bíi pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Mo ní n ó dá a padà ní Mọ́ńdè kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo sì ń dá a padà lóòótọ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń yọ ọ́, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń dá a padà, olè tó mọ àkókò!

Ẹ rántí bó ti rí lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́. Àbẹ́là yíyọ́ ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Ohùn mandolíìnì gba inú ṣọ́ọ̀ṣì kan. Keziah ìyàwó mi sunkún ayọ̀, ẹ̀yin náà pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yọjú wo ihò mandolíìnì, n ó fi aṣọ bò ó. Mo rò pé gbogbo ojú ló ń ṣọ́ mi.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, bí ẹ ti ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́, tẹlifóònù dún ní ọ́fíìsì. Àbúrò Ẹ̀gbọ́n ló ń pè láti ilé ìwòsàn kan l'Ékìtì: ìyá wọn ń kú lọ, ó ń béèrè àkọ́bí rẹ̀. Lááwàlì gbé e, àmọ́ ibi tí a ń sọ̀rọ̀ sí nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ mọ bí wáyà ọ̀nà jíjìn ti rí nígbà náà: ẹni tó pè kì í dúró gbọ́ èsì, á ké iṣẹ́ tó fẹ́ jẹ́, á tún un ké, kí wọ́n tó gé e. Àbúrò Ẹ̀gbọ́n gbọ́ tí Lááwàlì ń ké "Hẹ́lò! Hẹ́lò!" Ó gbà pé iṣẹ́ ti délé.

Wọ́n sin Màmá láìsí Ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Nígbà tí àbúrò wọn wọ ọkọ̀ ojú irin dé Jos láti wá bi wọ́n léèrè, ọ́fíìsì dàrú. Lááwàlì búra: "Wallahi, ban ji komai ba! Mo gbé e, n kò gbọ́ nǹkan kan." Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ wò ó lójú tẹ́ ẹ ní, "Ó gbọ́ tìẹ, ìwọ kò gbọ́ tirẹ̀? Ṣé etí ẹ di ni?" Ọ̀gá ọ́fíìsì wa gbé tẹlifóònù sétí. Ó ń dún ketekete, torí Ọjọ́rú ni, mo ti dá a padà. Ọ̀gá yíjú sí mi: ṣé ó bàjẹ́ rí? Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Mo ní, "Rárá, sà. Lááwàlì a máa sùn lẹ́nu iṣẹ́." Kò sùn rí. Wọ́n lé e.

Èyí tó burú jù ló kù. Nígbà ìsìn ìdúpẹ́ òkú Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo tún lọ yọ etí tẹlifóònù náà. Orin tí Màmá fẹ́ràn ni mo ta, Ẹ̀gbọ́n sì dì mọ́ mi, ẹ̀yin ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo ti jáde, Lááwàlì dúró lẹ́yìn ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tòun ti ẹrù rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Oga," ó ní, "yau kam, ya fita." Ó ní lónìí, orin mi jáde. Ṣé ó mọ̀ ni? Títí di òní, n kò lè sọ. Ẹ̀rín yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ohun ẹlòmíràn gbé ohùn yín sókè. Lááwàlì ti kú. Hàbíbátù ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Kuru, àwọn èèyàn ṣì ń pè é lọ́mọ òpùrọ́. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ kò bá lè forí jì mí, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ lọ bá mi sọ fún un pé etí bàbá rẹ̀ kò di. Inú mandolíìnì mi ni ohun tó yẹ kó fi gbọ́ ohùn àbúrò yín wà, a sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.