Omi Tí Waheedat Gbé Dé

Ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ Tẹ̀gbọ́n-Tàbúrò, ẹ ní kí èmi Mọ́ládé, ààrẹ yín àtijọ́, kọ ìtàn ẹ̀ka wa sínú ìwé ayẹyẹ ogún ọdún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ́ tí mo fà á ya. Lóṣù tó kọjá, dókítà ní jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀ mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ogún.

Ẹ mọ àṣà wa: ọmọ tuntun á pọnmi láti odò ẹ̀yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì dé họ́sítẹ́ẹ̀lì láì sọ̀rọ̀, títí ààrẹ á fi ní, "Mo tú ẹnu yín." Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo ní ẹni tó bá fọhùn, kì í ṣe ara wa mọ́. Ipò ń gùn mí nígbà náà.

Lọ́jọ́ kan tí àwọn ọmọ tuntun ń pọnmi bọ̀, Waheedat, ọmọ Ìpápó, ló gbẹ̀yìn nínú wọn. Ó ṣàdédé dúró nínú koríko, ó ń nàka sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. A fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọ̀lẹ, gbé ẹsẹ̀." Nígbà tó yá, Fàrídà akọ̀wé wa sún mọ́ mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ọmọ yìí ti wú o. Ó jọ pé ejò ni." Mo wò ó, mo rí ojú eyín méjèèjì. Mo rí i, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò láti ẹ̀ka Ìsẹ́yìn ti jókòó dè wá, mi ò sì fẹ́ kí ojú tì mí. Mo ní, "A ti fẹ́ẹ̀ dé."

Ó gbé omi náà dé. Ó dúró níwájú mi, ó ń wo ẹnu mi, èmi ń kí àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì kí wọn tán tó fi ṣubú. Kò dé ọsibítù.

Mo kọ́ Fàrídà àti àwọn yòókù ní ohun tí a ó sọ, pé ńṣe ló dá lọ sódò. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ́fíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ń wí pé, "Waheedat kì í ṣàìgbọràn. Kí ló ń wá lódò?" Mo dá a lóhùn pé, "Ìyá, a kìlọ̀ fún un." Ọdún mẹ́tàdínlógún rèé. Mo gbọ́ pé tó bá ń bá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wí dòní, ó máa ń ní, "Ẹ má ṣe bíi Waheedat tí kò gbọ́ràn."

Ẹ̀yin ọmọdébìnrin, ẹni tó bá ní kí o panu mọ́ nígbà tí nǹkan ń ṣe ọ́, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ.

Ìyá Waheedat, ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Ọmọ yín gbọ́ràn. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu títí ó fi kú. Ẹ má fi orúkọ rẹ̀ bá ọmọ wí mọ́. Tèmi ni kí ẹ máa fi bá wọn wí.