Ìkòkò Ẹlẹ́kún Àwẹ̀ró

Ní ayé àtijọ́, kí ilé yìí tó ní ògiri tó yí i ká, kí ọ̀nà iwájú rẹ̀ tó ju ipa ẹsẹ̀ lásán lọ, obìnrin kan wà nínú ìlú Àgbọ̀nlé yìí tí wọ́n ń pè ní Àwẹ̀ró. Ẹ má rò pé olówó ni. Ẹ má sì rò pé ọmọ oyè ni. Ìyàwó ilé ni, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, kò ní ará kankan nítòsí tó lè fẹjọ́ sùn. Láti inú rẹ̀ ni gbogbo àwa tí a jókòó síbí ti ṣẹ̀.

Mo gbọ́ yín lánàá lábẹ́ igi ìyeyè, tí ẹ ń jiyàn pé ta ni à ń pè ní ẹni tó dá òwò sílẹ̀. Ọ̀kan nínú yín ní ẹni tó lówó lọ́wọ́ ni. Èkejì ní ẹni tó gbọ́n ju aráyé lọ ni. Mo dákẹ́, mo ń fi etí gbọ́ yín bí ẹni tó sùn. Ó yá, ẹ fún èmi náà láyè.

Epo ni iṣẹ́ ìlú yìí nígbà náà. Ọkùnrin ń gun ọ̀pẹ, obìnrin ń fún epo ní ẹkù. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí wọ́n ń rọ epo sí, Ìpàlé ni wọ́n ti ń rù ú wá, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Bí ènìyàn bá ru mẹ́rin, méjì ló máa délé. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ìyà ni. Wọ́n ń kùn, wọ́n sì ń lọ, bí bàbá wọn ṣe ń kùn tó sì ń lọ.

Láwuyì ni ọkọ Àwẹ̀ró. Igbà já mọ́ ọn lórí ọ̀pẹ, ó sì kú. Ó fi ìyá arúgbó sílẹ̀, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀, èyí àbúrò ò tíì já lẹ́nu ọmú. Ó tún fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ létí odò, ilẹ̀ amọ̀ tí iṣu kì í ta nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣọ̀fọ̀ tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Àkànjí, tó jẹ́ baálé ilé, fẹ́ ṣú Àwẹ̀ró lópó. Àwẹ̀ró kọ̀.

Inú baálé ò dùn, ṣùgbọ́n kò pariwo. Ó ní, "Kò burú. Ilẹ̀ Láwuyì kì í ṣe ilẹ̀ koríko. Bí ilẹ̀ náà ò bá tíì bọ́ ẹnikẹ́ni kí a tó jẹ iṣu tuntun, màá gbé e fún ẹni tó lè lò ó. Ìwọ á sì padà sílé bàbá rẹ. Àwọn ọmọ ò ní bá ọ lọ, ọmọ ilé yìí ni wọ́n."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá." Ọmọ kékeré yẹn ń mu ọmú lọ́wọ́ bó ṣe kúnlẹ̀ yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá wà nípò rẹ̀, kí lẹ máa ṣe? Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ kàn máa rò ó.

Àwẹ̀ró lọ síbi ilẹ̀ náà, ó bu amọ̀ kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ìyá tó bí i lọ́mọ a máa mọ ìkòkò, òun náà sì ti kọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà ní kékeré. Ó wò ó pé, kí ló dé tí à ń rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta lọ ra ohun tó wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wa? Ìbéèrè náà ò ju báyìí lọ. Ẹnikẹ́ni ló lè bi ara rẹ̀. Òun nìkan ló bi ara rẹ̀, tó sì gbé ọkọ́.

Ó gbẹ́ amọ̀, ó pò ó. Ṣùgbọ́n amọ̀ yẹn lẹ̀ jù, bó bá ti ń gbẹ ló ń sán. Nílé ìyá rẹ̀, yanrìn ni wọ́n ń pò mọ́ irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ kó má baà sán. Kò sí yanrìn ní Àgbọ̀nlé. Ohun tó pọ̀ ní Àgbọ̀nlé ni ìhá ẹyìn, èyí tó máa ń ṣẹ́kù tí a bá ti fún epo tán, òkìtì òkìtì rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ẹkù. Àwẹ̀ró gún ìhá, ó pò ó mọ́ amọ̀. Ogún ìkòkò ló mọ. Wọ́n gbẹ, wọn ò sán. Ó fi iná sun wọ́n, wọ́n pọ́n, wọ́n dára lójú. Àwọn obìnrin ẹkù wá, mẹ́fà nínú wọn gbé ìkòkò lọ, wọ́n rọ epo sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ìhá ti jóná nínú amọ̀, ó sì ti fi ojú ihò tín-ín-tín sílẹ̀ káàkiri. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, epo ti fi ara ìkòkò yọ, ilẹ̀ ẹkù pọ́n roro.

Ojúọlápé, olórí àwọn obìnrin ẹkù, gbé tirẹ̀ padà wá síwájú gbogbo ènìyàn. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ìkòkò rẹ ń sunkún o. Àbí ó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró wọlé, ó gbé epo tó fi pamọ́ fún oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n padà fún àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, títí dórí ẹ̀kán tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó lọ sétí odò, ó sunkún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń rò pé àwọn tó ṣáájú wa ò sunkún rí. Ó sunkún gan-an. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ìkòkò mẹ́rìnlá tó ṣẹ́kù ò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ló bá pọn omi sínú ọ̀kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú nígbà náà, ilẹ̀ ń jó ni lẹ́sẹ̀. Ní ọ̀sán, ìyá Láwuyì bu omi mu. Ó dá ẹnu dúró. Ó tún bu òmíràn.

Ó ní, "Ìyàwó, odò wo lo ti pọn omi yìí?"

"Odò wa náà ni, Ìyá."

"Má purọ́ fún mi. Omi yìí tutù bí omi ọyẹ́."

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti ṣí etí yín. Bó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ nínú yín ni, ẹ máa sáré jáde lọ pariwo. Àwẹ̀ró ò sáré. Ó gbé ìkòkò Ìpàlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó bu omi kan náà sí méjèèjì, ó fi wọ́n sí ojú kan náà, ó ń tọ́ wọn wò láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Ó rí i pé èyí tó ń làágùn ni omi rẹ̀ ń tutù. Ó tún mọ òmíràn. Èyí tí ìhá rẹ̀ pọ̀ jù fọ́ nínú iná. Èyí tí ìhá rẹ̀ kéré, omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Igi tó fi ń sun ún tán, ló bá fa aṣọ ẹtù ìgbéyàwó rẹ̀ yọ, ó fi gba igi. Ìyá ọkọ rẹ̀ rí i, ó yíjú sí ògiri. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Nígbà tó mọ ọ́n dáadáa, kò kiri. Ó gbé ìkòkò mẹ́ta sí oríta tí àwọn alárù máa ń gbà lọ sí Ìpàlé, ó sì ń fún wọn lómi mu lọ́fẹ̀ẹ́. Baálé gbọ́, ó ní, "Ìjẹṣu ń bọ̀, obìnrin yìí ń pín omi." Bí alárù bá mu tán, Àwẹ̀ró á bi í pé, "Ẹ kú ìrìn. Báwo ni omi ilé tiyín ṣe ń rí lásìkò yìí?" Á wá fetí sí èsì wọn.

Alárù kan sọ pé ibà dá bàbá òun dùbúlẹ̀, kò rí omi tútù mu. Ó fi iyọ̀ gba ìkòkò kan, ṣùgbọ́n ó ní ẹnu rẹ̀ fẹ̀ jù, omi á dànù lọ́nà. Àwẹ̀ró ò bínú. Ó lọ mọ ìkòkò mìíràn, ó fún ẹnu rẹ̀ pọ̀, ó mọ ìbòrí tó bá a mu. Nígbà tí ọkùnrin yẹn padà dé, ó rí ohun tó sọ lẹ́nu, ó rí i lójú. Òun ló wá di ẹni tó ń sọ fún àwọn yòókù.

Àsìkò iṣu tuntun dé. Baálé kó àwọn àgbà ilé lẹ́yìn, wọ́n wá sétí odò láti gbé ilẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwẹ̀ró ti di ẹrù kan ṣoṣo tó ní. Ó gbé ọmọ rẹ̀ kékeré pọ̀n, ó tún tú u sílẹ̀, ó tún gbé e pọ̀n.

Baálé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu ni àlejò mẹ́jọ yọ lójú ọ̀nà, òṣùká lórí wọn, kò sí ẹrù lórí òṣùká. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà.

Baálé ní, "Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Ìpàlé ni, Bàbá."

"Ìpàlé tí a ti ń ra ìkòkò? Kí lẹ wá ṣe?"

Èyí àgbà nínú wọn ní, "Ìkòkò la wá rà, Bàbá. Ẹlẹ́kún, èyí tó ń sunkún tí omi rẹ̀ ń tutù."

Ojúọlápé wà níbẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

Baálé ní kí wọ́n bu omi fún òun. Ó mu ún, ó gbé igbá náà fún Àwẹ̀ró pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, baálé tí kì í fi ọwọ́ méjèèjì fún obìnrin ní nǹkan. Ó ní, "Tú ẹrù rẹ, ìyá àwọn ọmọ mi."

Ṣé ẹ mọ ẹni tí Àwẹ̀ró kọ́kọ́ pè kó wá kọ́ iṣẹ́? Ojúọlápé ni. Ó ní ẹni tó kọ́kọ́ rí i pé ìkòkò ń sunkún, ojú rẹ̀ mú. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Títí Àwẹ̀ró fi kú, obìnrin bí ogójì ló ń jẹun lórí ilẹ̀ tí iṣu ò ta yẹn.

Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í ju iṣẹ́ àkọ́bàjẹ́ nù nílé yìí. Ohun tí ọmọ ilé yìí bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe tó bàjẹ́, ẹnu ọ̀nà là ń gbé e sí, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí i. Ìkòkò tí ẹ ti ń bu omi mu látàárọ̀ yìí, ọ̀kan nínú mẹ́rìnlá yẹn ni.

Ṣijúwadé, má fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo mọ̀ pé o ti rán bùbá àkọ́kọ́ fún oníbàárà, mo mọ̀ pé apá kan gùn ju èkejì lọ, mo sì mọ̀ pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lo fi sí. Dìde, lọ mú un wá, kí o gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, bu omi fún un, kí o bi í léèrè irú aṣọ tó ń wá tí kò tíì rí.