Ọdún Méjì Tí Ẹ Fi Kún Ọjọ́ Orí Tèmilọlá

Ẹ má tíì dìde, Bọ̀dá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tíì dìde! Láti ọ̀sẹ̀ kan ni mo ti ń pè yín lórí fóònù, ẹ ò gbé e, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tẹ́ ẹ wá yọjú láti Satellite Town lónìí, mi ò tíì sọ gbólóhùn méjì tẹ́ ẹ ti ń wo aago. Aago kí ni? Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ lọ wa bàálù ni? Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ mi délẹ̀, torí tí mi ò bá rò ó fún yín, ta ni kí n rò ó fún? Àbúrò yín tó fẹ́ mi ti re ọ̀run láti ọdún márùn-ún, ẹ̀yin ni bàbá tó kù fún Tèmilọlá. Àbí òmíì wà tí mi ò mọ̀?

Wọ́n ti lé ọmọ yín o! Wọ́n lé e kúrò ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tó ti ń gba ìtọ́jú ọpọlọ láti ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, kì í ṣe ọmọdé mọ́, kó máa lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Ta ló pé méjìdínlógún? Tèmilọlá? Tèmilọlá tí mo fi inú mi bí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́rìndínlógún lóṣù kẹta yìí? Háà! Bọ̀dá, ẹ má wolẹ̀. Ojú mi ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ̀yin lẹ fi ọdún méjì kún un!

Ẹ̀yin mà ni. Mi ò gbàgbé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà yẹn, orí ẹ̀ pé, ó mọ̀wé ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, ilé ẹ̀kọ́ tá a fẹ́ fi í sí wá ní àwọn ò gba ẹni tí ò bá tíì pé mọ́kànlá. Àbúrò yín wà lójú ọ̀nà Sókótó pẹ̀lú táńkà. Lẹ bá ní, ṣé ohun tó ń dà mí láàmú ò ju ìyẹn lọ? Lẹ bá gba kóòtù lọ, lẹ gbé Bíbélì sókè, lẹ búra pé ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i gbà! Ẹ gbé e délé, mo se ìrẹsì, a jẹ, a rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín o, mi ò ní purọ́. Mo ní ọkọ mi yìí gbọ́n. Àbí ta ni kì í ṣe é ní Festac yìí? Ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù á gé e kúrò, ẹni tó fẹ́ tètè wọ sẹ́kọ́ńdìrì á fi kún un, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba… ẹ jẹ́ n fẹnu mọ́ ọn. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé tá a bá ka ọjọ́ orí yín nínú ìwé ìjọba, ọmọ ọdún mọ́kànlá lẹ wà tẹ́ ẹ fi bí Níyìọlá! Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín rín mọ́.

Nígbà tí àìsàn yẹn dé, tí ò sùn mọ́, tí ò jẹun mọ́, tó ń sọ pé àwọn kan ń sọ̀rọ̀ òun nínú ògiri, ilé ẹ̀kọ́ ló gbé e lọ sílé ìwòsàn kí n tó gbọ́, káàdì ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì fi ya fáìlì fún un. Ibẹ̀ ni irọ́ wa ti wọ inú fáìlì. Mo rí i. Mo dákẹ́. Mo ní, kí ló kan ọjọ́ orí nínú oògùn?

Ọlọ́run á bá mi bù kún Dókítà Adéyọ̀sọ́lá. Obìnrin yẹn mọ ọmọ mi! Ó mọ̀ pé tó bá wọlé, kò ní lanu fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á kàn ti bébà àti pẹ́ńsù sí i níwájú, òun náà á máa ṣe bí ẹni tó ń kọ nǹkan tiẹ̀. Tó bá yá, ọmọ á ya àwòrán, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, èmi náà á wà níjòókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó ti ń sùn, Bọ̀dá! Ó ti padà sí kíláàsì! Kérésì tó kọjá, ṣé kì í ṣe òun ló din pọfupọfu tẹ́ ẹ jẹ tẹ́ ẹ ní àwo kan ò tó yín?

Oṣù kẹta wọlé, kọ̀ǹpútà ní ó ti pé méjìdínlógún. Ó parí! Dókítà ní òfin ni, agbára òun ò ká a, ó kọ lẹ́tà fún mi, omi lé ròrò sójú ẹ̀. A gbé lẹ́tà lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Àwọn ọkùnrin tó tó bí i lọ́mọ ló kún orí bẹ́ǹṣì, ọ̀kan ń bá ara ẹ̀ jà, ọmọ mi di ọwọ́ mi mú, kò jẹ́ kí n mí. Ìgbà tó kàn wá, dókítà tibẹ̀ ní, “Màdáámù, ẹ bọ́ síta. Àgbà ni, ẹ jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ̀rọ̀.” Ẹnu wo? Ọmọ tí mo ń bá wọlé láti ọdún mẹ́ta! Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi tì í jáde, wọ́n kọ ọ́ síwèé pé ó kọ̀, kò sọ̀rọ̀. Tèmilọlá fà mí láṣọ. Ó ní, “Mọ́mì, ṣé ibí ni màá ti wá máa wà báyìí?”

Wọ́n fún wa lóògùn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní tá a bá ń bọ̀, ká mú NIN wá káwọn fi ṣe káàdì gidi fún un. Hẹn-ẹ́n, NIN! Ẹ ò mọ ti NIN. Èmi fúnra mi ni mo lọ ṣe é lọ́dún tó kọjá. Mo ti di àtúnbí nígbà yẹn, pásítọ̀ ti wàásù lórí irọ́ pípa títí ara mi ò gbà á mọ́, mo ní ti NIN yìí, òótọ́ ni màá sọ. Mo wá káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ jáde lábẹ́ àpótí, mo fi ọjọ́ tí mo bí i gan-an síbẹ̀, mo dé ilé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹrù ti sọ̀ lórí mi. Àwọn ti ọ̀dọ̀ àgbà wá tẹ NIN, wọ́n rí mẹ́rìndínlógún. “Màdáámù, ọmọdé rèé. Ẹ mú u padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé.” Ọ̀kan nínú wọn tún wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ṣé ọmọ mi ni ṣá. Èmi tí wọ́n fi abẹ la ikùn mi kí wọ́n tó gbé e jáde! Mo padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, wọ́n ní àwọn ti pa fáìlì ẹ̀ dé, méjìdínlógún ló wà nínú ẹ̀.

Irọ́ lé e jáde níbí, òótọ́ ò jẹ́ kó wọlé lọ́hùn-ún. Ẹ bá mi dá a, Bọ̀dá. Ọmọ tí kì í ṣe ọmọdé, tí kì í ṣe àgbà, níbo ni wọ́n ń gbé e lọ?

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo wọ́ ọ gba Mile 2 kọjá, tó ń fọwọ́ dí etí nítorí ariwo kọ̀ńdọ́ bọ́ọ̀sì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni àwọn ti ọ̀dọ̀ ọmọdé tó sọ ọ̀rọ̀ kan tó lórí fún mi. Wọ́n ní kí ẹni tó búra àkọ́kọ́ padà lọ búra pé àṣìṣe ni, káwọn lè tún fáìlì ẹ̀ ṣe. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Mo ní àbùṣe bùṣe, ọkọ mi á ṣe é. Mo pè yín, ẹ ní kí n ní sùúrù, ẹ máa fẹ̀yìn tì lóṣù kẹsàn-án, ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa tú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí wò nísinsìnyí. Ó yé mi. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé ó yé mi.

Oògùn tán ní Tusidé. Kẹ́míìsì tó wà ní Raji Rasaki níbí ní àwọn ò lè tà á láìsí ìwé tuntun. Kò sì pẹ́ náà, àwọn inú ògiri ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ wà lórí máṣíìnì bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Tí mo bá ń wẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ìjẹta, mo ní kí n yára pọn omi nísàlẹ̀, gáráwà kan ṣoṣo, kí n tó gòkè ó ti gun àpótí lórí bákónì, ó ní wọ́n ń pe òun. Òkè pátápátá la wà o, Bọ̀dá! Mi ò pariwo. Mo rọra gbá a nídìí mú, àwa méjèèjì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Kí lẹ wí? Ọdún méjì ò jìnnà? Kó kúkú dúró kó pé méjìdínlógún lóòótọ́? Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an, sà.

Ó dáa. Mi ò bá yín jà mọ́. Ẹ má lọ kóòtù mọ́, mo ti yọwọ́, ẹ gba owó ìfẹ̀yìntì yín, ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú ayọ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ báyìí. Mi ò tíì sùn láti Tusidé, ojú mi ń ṣú. Ẹ wọ inú yàrá lọ́hùn-ún, ẹ gbé àga sẹ́nu ọ̀nà bákónì, kẹ́ ẹ jókòó. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀, ẹ má gbàdúrà sókè. Tó bá ti dìde, ẹ pariwo pè mí. Wákàtí méjì péré, kí n lè fẹ̀yìn lélẹ̀.

“Mò ń bọ̀” wo? Ta ló ń dúró dè yín?

Wákàtí kan, Bọ̀dá.

Ó dáa, ìdajì wákàtí. Ẹ jọ̀ọ́.