Èjìká Ìbídùnní

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa rò ó pé kí ló gbé gbogbo wa wá sílé Táíyé ní Ìgbàrà-Òkè láàárọ̀ yìí. Ọjọ́ ti lọ lórí mi, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Táíyé kọ́ ló mú kí èjìká ìyá yín yẹ̀. Èmi ni.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Ìbídùnní ìyàwó mi nílé wa ní Isikan, ní Àkúrẹ́, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rọ jọwọrọ, ohùn sì lọ. Táíyé àbúrò rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó wá ń tọ́jú rẹ̀. Arábìnrin Adéjọkẹ́ tó ń fi ìdárayá wo aláìsàn ní ọsibítù kọ́ wa bí a ó ṣe máa tẹ́ ẹ: ká fi ìrọ̀rí gbé apá tó rọ, ká máa yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. "Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ gbé e dìde, ẹ ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má fi apá yẹn fà á o! Iṣan tó dì í mú ti sùn." Mo ní mo ti gbọ́. Etí gbọ́ lóòótọ́, orí kunkun ni kò gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Táíyé ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Bọ́lánlé, dé láti Oǹdó. Ẹ mọ ẹnu rẹ̀, ó mú ju abẹ lọ. Ó yọjú sí yàrá: "Ìyàwó wa, ṣé orí ìdùbúlẹ̀ lẹ ti ń kí ìyá ọkọ ní Àkúrẹ́ báyìí?" Àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ gbé báàgì rẹ̀ sí pálọ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì mí. Ìbídùnní tí í kúnlẹ̀ kí àlejò tó wọlé! Mo ní kó tó padà dé, ìyàwó mi yóò ti jókòó. Mo di ọwọ́ òsì mú, mo fà á bí ẹni ń fa ẹ̀gẹ́ tu. Èjìká dún kọ́. Ó la ẹnu, ohùn kò jáde, omijé ló jáde. Mo tẹ́ ẹ padà, mo to ìrọ̀rí bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ kejì, èjìká wú. Arábìnrin Adéjọkẹ́ fọwọ́ kàn án. "Ta ló fà á?" Ẹ gbọ́ ibi tí mo burú dé. Ìwàǹwára ni mo fi fà á, ṣùgbọ́n èyí, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo ní, "Táíyé ló máa ń gbé e."

"Bùọ̀dá, èmi?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbà á lẹ́nu mi: "Ọwọ́ líle bí ọmọ odó!" Ìbídùnní ń fi ọwọ́ ọ̀tún lu bẹ́ẹ̀dì gbà-gbà-gbà, mo ní ìrora ni. Kílẹ̀ tó ṣú, Táíyé ti di ẹrù rẹ̀. Kò tún tẹ ilé wa mọ́. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Èmi ni mo ṣu, n kò gbàgbé.

Ọlọ́run ṣeun, ìyá yín ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Apá òsì nìkan ni kò lè gòkè, èmi ni mò ń bá a wé gèlè, inú mi sì ń dùn sí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo ń wé e lọ́wọ́, mo bi í pé kí ló dé tí kò tú mi fó látìgbà tí ohùn ti padà.

"Mo ti sọ fún Táíyé tipẹ́, Bàbá Akínyẹmí. Ó ní ẹnu tó parọ́ mọ́ òun lòun ń retí."

Ẹnu náà rè é. Ẹ̀yin ọmọ, bí aláìsàn bá kí yín lórí ìdùbúlẹ̀, ó ti kí yín, ẹ dá a lóhùn. Táíyé, mo mọ̀ pé èmi ni àgbà. Mo dọ̀bálẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbé mi dìde, ẹ jẹ́ kí n wà nílẹ̀ títí yóò fi fèsì.