Ojú Àlàájà Tó Wà Nínú Fóònù Yín

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí ojú ìyá àgbàlagbà kan wà nínú fóònù yín báyìí. Kò wé nǹkan kan sórí. Irun funfun rẹ̀ dúró gangan, ó fún ojú pọ̀, ó la ẹnu díẹ̀, wọ́n sì kọ “Ẹ jẹ́ n wò ó dáadáa ná” sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Sítíkà ni. Ẹ ti fi ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n ní iná yóò máa dúró. Ẹ ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tó ní òun ti wà lójú ọ̀nà, tó jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ló ṣì wà. Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Orúkọ ìyá náà ni Àlàájà Bùsírátù, ará Ìtọ̀kú ní Abẹ́òkúta. Àbúrò bàbá mi ni, ọwọ́ rẹ̀ ni mo sì dàgbà sí. Èmi Sàlàhúdíìnì, tí mò ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Ìbarà, ni mo ṣe sítíkà náà. Èyí nìkan ì bá ti tó láti kó ìtìjú bá mi, ṣùgbọ́n ó kù. Wọ́n di ẹ̀ṣẹ̀ yìí ru ẹlòmíràn, èmi ni mo sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dì í. Mo ti gbé e mọ́ra títí, kò ṣeé gbé mọ́.

Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ fóònù. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó wo bí òwú òkè ṣe ń wọlẹ̀ lọ mú òwú ìsàlẹ̀ wá, kò ní lè rí ohunkóhun tó ń ṣiṣẹ́ kó má fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe é. Bí iṣẹ́ bá dẹ̀, orí onláìnì ni mo máa ń wà. Ọkùnrin kan wà tí n kò gbọ́ èdè rẹ̀, ó máa ń gbé ẹ̀rọ tó ti dípẹtà, á tú u palẹ̀, á fọ̀ ọ́, á tò ó padà títí tí yóò fi máa dán. Mo lè wo ìyẹn kí n gbàgbé oúnjẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni màá wo àwọn aláwàdà, lẹ́yìn àwàdà ni màá ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀, èyí tó máa ń dùn ju àwàdà fúnra rẹ̀ lọ. Inú mi máa ń dùn sí ìwà wa níbẹ̀: àwọn ìyá tó ń fi òdòdó àti àdúrà ránṣẹ́ láràárọ̀, ẹni tó gba ohùn sílẹ̀ gùn bíi wáàsí láti sọ pé òun ò ní lè wá, ẹni tó kọ̀wé pé òun ti kú ẹ̀rín nígbà tí ojú rẹ̀ le koko bí ẹni tó ń dúró de dókítà.

Olújìmí tó ń ṣe fọ́tókọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló fi mí sínú gúrúùpù kan tí wọ́n ń pè ní Ilé Ẹ̀rín. Sítíkà ni wọ́n fi ń jà níbẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá tuntun jù ni ọba ọjọ́ náà. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: bí wọ́n ṣe ń fi ìka tọ etí àwòrán, kí orí èèyàn jáde wá láìsí ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn yòókù máa ń gé e wúruwùru. Èmi máa ń mú sùúrù, mo máa ń gé e bí ẹni gé aṣọ. “Sàlà, ọwọ́ rẹ mọ́ jù,” Olújìmí á wí, “ṣùgbọ́n ojú àwọn èèyàn rẹ ò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Wá ojú tuntun!” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà náà ni Úmmù bímọ. Ummulkulthum ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ìyàwó Tawheed, ọmọ kan ṣoṣo tí Àlàájà bí. Kánádà ni wọ́n ń gbé. Èmi ni mo máa ń bá Àlàájà fi fídíò pè wọ́n, torí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n, àwọn tọ̀hún á kàn máa rí àjà ilé ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán fún ìrun Àsárì, gèlè rẹ̀ ṣì wà léjìká. Kó tó súnmọ́ fóònù ó béèrè pé, “Úmmù, ṣé kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀?” Úmmù ní, “Kò sí o, Ìyá. Tawheed ti lọ síbi iṣẹ́, èmi àti ọmọ nìkan ni.” Ó wá wò mí, ó rẹ́rìn-ín. “Ìwọ kúkú kọ́ ni mò ń bo orí fún.” Òtítọ́ ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Ẹ̀sìn wa fún mi láàyè láti rí irun orí rẹ̀. Ìwọ̀nba ọkùnrin díẹ̀ láyé ló ní àyè yẹn, mo wà lára wọn.

Ó tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. “Ẹ jẹ́ n wò ó dáadáa ná. Ta ló fún ọmọ yìí nímú? Imú bàbá Tawheed mà nìyí! Háà, Ọlọ́run ṣàánú ọmọ!” Úmmù rẹ́rìn-ín títí ó fi ní kí Ìyá rọra, ojú iṣẹ́ abẹ òun ò tíì jinná. Ní tèmi, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tó lójú Ìyá. Ó yẹ kí n ṣàlàyé ibí yìí. Bí èèyàn bá ń pe ẹnìkan ní fídíò, ojú ẹni kejì ló máa ń kún fóònù rẹ̀, ojú tirẹ̀ á wà ní kékeré ní igun. Ṣùgbọ́n bí o bá fi ìka kan kékeré yẹn, àwọn méjèèjì á pààrọ̀ àyè: ìwọ á tóbi, ẹni kejì á lọ sí igun. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi ìka kàn án, ojú Ìyá sì kún fóònù, ó mọ́ kedere, ó pani lẹ́rìn-ín. Mo ya àwòrán ojú fóònù Ìyá bó ṣe wà, mo fi ránṣẹ́ sí tèmi. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó tó kírun tán ní yàrá, mo ti ń gé etí irun rẹ̀ ní pálọ̀.

Olújìmí pariwo láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. “Sàlà, o ti pa mí! Ta ni ìyá yìí?” Mo ní, “Mo rí i lórí onláìnì ni.” Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì fúyẹ́ lẹ́nu mi. Èmi lọba Ilé Ẹ̀rín lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà mo rí i ní gúrúùpù àwọn tẹ́là. Mo rí i lórí fóònù awakọ̀ kan ní gáréèjì Kútò, òun àti agbèrò jọ ń fi bú ara wọn. Ó dé Èkó, ó sì padà wá bá mi láti ọwọ́ ẹni tí n kò mọ̀ rí. Kí n má parọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo ń rìn ní Ìbarà bí ẹni tó ṣe nǹkan gidi.

Àlàájà ni Ìyá Àdínì mọ́ṣáláṣí wọn. Òun ló máa ń léwájú àwọn obìnrin àsàlátù láàárọ̀ Sunday, kò sì sí ẹni tó rí i lóde rí láìbo orí láti ìgbà tó ti Mẹ́kà dé. Ẹnìkan ṣèèṣì fi sítíkà náà sí gúrúùpù àsàlátù. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹnìkan tó dá ojú náà mọ̀ kọ “Subhanallah.” Lọ́jọ́ yẹn ni Àlàájà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó fi ìborùn wé fóònù rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan inú rẹ̀ lè bọ́ síta. Kò jókòó. “Sàlà,” ó ní, “ìwọ lo mọ fóònù. Bá mi wá ẹni tó ṣí mi lórí káàkiri ìlú.”

Ibí yìí gan-an ló yẹ kí n ti wólẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe ni mo fà á jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí olùkọ́. Mo ní, “Ìyá, ẹ wò ó. Tí ẹ bá ń pe Úmmù, ojú ta ló ń tóbi nínú fóònù yín?” Ó ní, “Ojú Úmmù.” “Tiyín ńkọ́?” “Ó máa ń wà ní kékeré lókè níbẹ̀.” Mo ní, “Ẹ ṣeun. Àwòrán kékeré, bí a bá fà á kó tóbi, á fọ́. Èyí ò fọ́, Ìyá. Irun ìpéǹpéjú yín ni à ń rí yìí. Inú fóònù tí ojú yín ti tóbi ni wọ́n ti yà á.” Ó wo fóònù, ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Úmmù.” N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ti ń fi tu ara mi nínú láti ìgbà náà nìyẹn, pé òun fúnra rẹ̀ ló dárúkọ. Gbogbo ohun tí mo sọ fún un ló jẹ́ òótọ́. Ìka kan ṣoṣo ni mo yọ kúrò nínú rẹ̀. Mo mọ ibi tí ìyókù yóò gbé e dé, mo sì jẹ́ kó lọ síbẹ̀.

Kò bá Úmmù jà. Ì bá sàn kó bá a jà. Ó kàn sọ ọ́ fún Tawheed, ó sì ní kí wọ́n má fi àwòrán ọmọ ránṣẹ́ sí òun mọ́. Tawheed bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Úmmù pè mí fúnra rẹ̀, ó ń sunkún. “Bọ̀ọ̀dá Sàlà, mo fi Kùránì búra, mi ò ṣe é. Ẹ̀yin lẹ di fóònù mú lọ́jọ́ náà. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún Ìyá pé mi ò lè ṣe é.” Mo ní, “Haló? Haló? Úmmù, mi ò gbọ́ ọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.” Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀ ketekete. Mo pa fóònù.

Ọmọ náà, Usamah, ti ń sáré báyìí, ó ti ń sọ̀rọ̀. Lọ́dún yìí Úmmù gbé e wálé, ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Kọ́bapẹ́ ni wọ́n dé sí. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n máa padà súnmọ́ tòsí, ó gbé e wá sí Ìtọ̀kú. Mo wà níbẹ̀. Úmmù kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní, “Ìyá, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọmọ yín.” Àlàájà dáhùn láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, “Ẹ káàbọ̀. Ṣùkúrátù, fún wọn lómi mu.” Ṣùkúrátù ni ọmọbìnrin tó ń bá a ta àdìrẹ. Kí a tó mọ nǹkan kan, ọmọdé náà ti ká kọ́tìnnì sókè. Ó ń wo àwòrán eré lórí fóònù ìyá rẹ̀, ó fẹ́ fi han Màámá àgbà. Ó na fóònù náà sí i lójú. Ìyá tó tọ́ mi dàgbà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó yí sí ògiri, ó ké: “Ẹ gbé e kúrò! Ẹ gbé e kúrò lójú mi!” Ẹ̀rù ba ọmọ náà, ó fi igbe ta. Úmmù gbé e. Ó kàn wò mí bó ṣe ń kọjá. Mo sì tún jẹ́ kí wọ́n lọ. Mo ní ọ̀la ni màá sọ ọ́. Ọ̀la dé, mo tún sún un sí ọ̀la.

Nígbà tí mo wá lọ níkẹyìn, gèlè kan wà lórí Ìyá nínú yàrá tó jẹ́ pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. N kò mọ ọ̀nà tí màá gbà sọ ọ́, n kò mọ̀ ju kí n fi bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ han èèyàn lọ. Mo kọ́kọ́ ní kó má bẹ̀rù, ojú tèmi nìkan ni màá lò. Mo fi fóònù mi pe Olújìmí ní fídíò, ojú rẹ̀ kún fóònù. “Sàlà, kí ló dé? O ò fọhùn?” Mo fi tèmi tó wà ní igun han Ìyá. Mo fi ìka kàn án. Ojú mi kún fóònù, Olújìmí di kékeré, ó ṣì ń pè mí láti igun. Mo pa á. Ìyá wo fóònù tó ti ṣú náà pẹ́. Ó ní, “Ìka kan?” Mo ní, “Ìka kan ni, Ìyá. Èmi ni.” Mo ti dọ̀bálẹ̀. Kò pariwo, kò ṣépè. Ohun tó sọ ni pé, “Ìwọ ni mo ṣí orí sílẹ̀ fún.” Mo na ọwọ́ láti bá a pe Úmmù, ó fa fóònù rẹ̀ sẹ́yìn. “Má fọwọ́ kàn án. Ṣùkúrátù, wá bá mi pè é. Ohùn lásán o. Kì í ṣe ti olójú.”

Úmmù àti ọmọ rẹ̀ ti wà ní pápákọ̀ òfurufú ní Èkó, wọ́n ń pè wọ́n kí wọ́n wọ ọkọ̀. Bí mo ṣe wà nílẹ̀ yẹn, mo gbọ́ tí Ìyá ní, “Úmmù, mo ṣì ọ́ mú. Ọmọ mi, fi orí jì mí.” Mo gbọ́ ẹkún Úmmù. Lẹ́yìn náà ohùn ọmọdé gba inú rẹ̀ wá: “Màámá àgbà, mi ò rí yín.” Ìyá fi etí mọ́ fóònù, ó di gèlè rẹ̀ mú ṣinṣin bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́. “Èmi náà ò rí ọ, ọkọ mi,” ó ní. “Sọ̀rọ̀ sókè. Jẹ́ n gbọ́ ọ dáadáa ná.”

Títí di òní kò tíì gbà kí wọ́n fi fídíò pe òun. Mo ti kọ̀wé sí Úmmù, mo sọ gbogbo rẹ̀. Àmì méjèèjì ti di búlúù, kò fèsì. Kò jẹ mí ní èsì kankan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọwọ́ yín yá, tí ẹ ń rí ojú èèyàn tí ẹ sì ń rò pé ohun èlò ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ín, àti ẹni tí onítọ̀hún ṣí i fún. Gbogbo bí sítíkà ṣe ń lọ ni mo mọ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é padà. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ rí i gbà: ẹ wá ojú yẹn nínú fóònù yín, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi bi yín bóyá kí òun yọ ọ́ kúrò. Ẹ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá àgbàlagbà kan ló fẹ́ bo orí rẹ̀.