Orúkọ Ara Ògiri Ìsọ̀ Kejì

Mo ń ṣa ṣẹ́ẹ̀tì lára aṣọ àlòkù ní ọjà Missèbo, nígbà tí obìnrin tó ni ìsọ̀ náà ní kí akunlé fi ọ̀dà pa orúkọ ara ògiri ìsọ̀ kejì rẹ́.

"Ọdún méje ni obìnrin yẹn fi bá mi figa gbága. Ó ti kó lọ sí Ekpè, ìsọ̀ ẹ̀ ti di tèmi. Kí lorúkọ ẹ̀ ṣì ń ṣe níbẹ̀?"

Bàbá olùkọ́ ìtàn kan tó wá kí i rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, láyé àtijọ́, nígbà tí ọba Kàsítílì ní Sípéènì gba ìlú Sẹ̀fíì lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí, kò pa orúkọ ẹ̀ rẹ́. Ìjọba Sẹ̀fíì náà ni wọ́n ń pè é lọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yẹ ààlà ẹ̀. Bó ṣe ṣe Kọ́dóbà náà nìyẹn. Tí wọ́n bá wá ń ka oyè ọba yẹn, wọ́n á ní ọba Kàsítílì, ọba Kọ́dóbà, ọba Sẹ̀fíì!"

"Èwo ni tèmi níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n?"

"Orúkọ tí o bá ti pa rẹ́, báwo lo ṣe fẹ́ fi yangàn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi. Obìnrin náà bá pariwo mọ́ akunlé:

"Gbé búrọ́ọ̀ṣì yẹn sílẹ̀! Kọ orúkọ tèmi sókè tiẹ̀, kó tóbi dáadáa."

"Pátákó tí wọ́n fi pín ìsọ̀ méjèèjì ńkọ́, Màmá? Ẹ ní kí n yọ ọ́."

Ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Kó dúró síbẹ̀. Kí gbogbo ọjà lè máa rí ibi tí tèmi parí sí tẹ́lẹ̀."